Ìwé Ṣúgà Bàbá Wa

Ọdún mọ́kànlá ni bàbá wa fi ń kọ nọ́ńbà sínú ìwé. Irú ìwé táwọn ọmọ iléèwé ń lò ni, àwa ọmọ sì sọ ọ́ ní "ìwé ṣúgà". Láràárọ̀, kí wọ́n tó fi nǹkan kan ẹnu, wọ́n á gún ìka, wọ́n á kán ẹ̀jẹ̀ sí ẹ̀rọ kékeré yẹn, wọ́n á wo ohun tó sọ, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú déètì. Tí ìwé kan bá kún, wọ́n á ra òmíràn. Ìwé méje ni wọ́n fi sílẹ̀.

Àwa tá à ń fi kóòdù jẹun, a rò pé a lè ran bàbá lọ́wọ́. A kó gbogbo nọ́ńbà yẹn sínú kọ̀ǹpútà, a fi ya gíráàfù, a wá fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ìdílé. Ìlà náà rẹwà. Ó máa ń gòkè díẹ̀ nígbà Kérésì, á wálẹ̀ padà nínú oṣù kìíní, àmọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ kọjá ààlà tí dọ́kítà fún wọn. Gbogbo wa ń yọ̀. Bàbá ti ṣẹ́gun ṣúgà.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, wọ́n ní àyà ń fún àwọn, pé ó ń ta dé apá òsì. Ká tó gbé wọn dé ilé ìwòsàn, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ láàárọ̀ ọjọ́ náà ni 104.

Dọ́kítà ní iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ bọ́ ọkàn wọn ti ní láti máa dí láti ọjọ́ pípẹ́. A ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣúgà wọn dára o, gíráàfù ẹ̀ wà lọ́wọ́ wa." Wọ́n bi wá pé, "Ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ńkọ́? Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù wọn ńkọ́?" Kẹ́kẹ́ pa mọ́ wa lẹ́nu. Kò sí àyè fún ìyẹn nínú ìwé méjèèje.

Ẹni tó bá ti tọ́jú sáfà rí mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa. Dashboard ń tan iná aláwọ̀ ewé, ó dà bíi pé ohun gbogbo ń lọ déédéé, àṣé díìsìkì ti ń kún lábẹ́lẹ̀, torí pé kò sẹ́ni tó ní kí ẹ̀rọ máa wò ó. Nígbà tí ọ̀fọ̀ rọlẹ̀ díẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn àìsàn yìí, ká lè mọ̀ bóyá àwa nìkan la ṣe irú àṣìṣe yẹn. Ohun tá a rí ni pé àwọn onímọ̀ ìṣègùn fúnra wọn ṣe é rí, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó jájá bọ́ nínú ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìlú Florence ní Ítálì, ní ìgbà òtútù tó so ọdún 1507 mọ́ 1508. Leonardo da Vinci, ayàwòrán tí gbogbo ayé mọ̀, bá bàbá arúgbó kan sọ̀rọ̀ ní ilé ìwòsàn Santa Maria Nuova. Bàbá náà ní òun ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, pé kò sí nǹkan tó ń ṣe òun ju pé ara ò lágbára mọ́. Wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn náà, níbi tó jókòó sí lórí bẹ́ẹ̀dì, ó dákẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Leonardo la òkú náà láti mọ ohun tó fa ikú tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ó rí i pé iṣan tó ń bọ́ ọkàn ti gbẹ, ó ti sún kì. Ó la òkú ọmọ ọdún méjì kan náà, ó sì rí i pé tọmọ yẹn yàtọ̀ pátápátá. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí èèyàn ṣe ń dàgbà, ògiri iṣan ń nípọn, ọ̀nà inú rẹ̀ sì ń há. Àmọ́ kò tẹ ìwé náà jáde nígbà ayé ẹ̀.

Ní 1829, dókítà kan ní ìlú Strasbourg, Jean Lobstein, fún àìsàn náà lórúkọ: arteriosclerosis, ìyẹn iṣan tó le. Nígbà tó di 1904, Felix Marchand, ará Jámánì, tún orúkọ náà ṣe, ó pè é ní atherosclerosis. Inú èdè Gíríìkì ló ti mú un. Athere ni ògì, sclerosis ni líle. Ẹni tó bá ti ha ẹ̀kọ tó dì mọ́ ìdí ìkòkò rí ti mọ ohun tí bàbá yẹn ń sọ. Tẹ́ ẹ bá la iṣan tó ti bàjẹ́, nǹkan rírọ̀ bí ògì ló wà nínú ògiri rẹ̀, líle ló sì yí i ká.

Kì í ṣe àìsàn ayé òde òní nìkan o. Ní 1911, Marc Armand Ruffer, tó ń ṣiṣẹ́ ní Íjíbítì, kọ̀wé nípa òkú àwọn ará àtijọ́ tí wọ́n tọ́jú sínú aṣọ. Ó rí iṣan líle nínú àwọn tó ti kú láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọdún. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní St Petersburg lórílẹ̀-èdè Rọ́ṣíà, Nikolai Anitschkow fún àwọn ehoro ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù jẹ, ọ̀rá sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ògiri iṣan wọn. Bí wọ́n ṣe mọ̀ pé ọ̀rá wà lára àwọn tó ń ba ilé yìí jẹ́ nìyẹn.

Ní gbogbo àsìkò yẹn, ọ̀tọ̀ lojú táwọn èèyàn fi ń wo àtọ̀gbẹ. Àìsàn ṣúgà ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọdé tó bá ní in á máa gbẹ, á máa tọ̀, á dákú, á sì kú. Ní oṣù kìíní ọdún 1922, ní Toronto lórílẹ̀-èdè Kánádà, wọ́n fún ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kan, Leonard Thompson, ní abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì. Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ ò mọ́ dáadáa, ó bí i nínú lára. Èyí tí wọ́n tún ṣe lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ló gbà á. Ayé hó yèè. Wọ́n rò pé ìjà ti parí.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti wá yí. Elliott Joslin, dókítà tó fi gbogbo ayé ẹ̀ tọ́jú àwọn alátọ̀gbẹ ní Boston, máa ń kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀. Ó jọ bàbá wa lọ́nà yẹn. Ṣùgbọ́n Joslin ò kọ nọ́ńbà ṣúgà nìkan. Ó kọ ohun tó pa olúkúlùkù. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún lẹ́yìn ínsúlíìnì, ó rí i pé àwọn tó ń dákú kú ń dín kù, àwọn tí àrùn iṣan àti ọkàn ń pa ń pọ̀ sí i. Ínsúlíìnì ti ṣí ilẹ̀kùn kan, àwọn èèyàn ń wọlé sínú yàrá kejì.

Ní 1936, Harold Himsworth ní Lọ́ńdọ̀nù wá fi hàn pé oríṣi àtọ̀gbẹ méjì ló wà, ó kéré tán. Àwọn kan ń bẹ tí ara wọn ń gbọ́ ti ínsúlíìnì, àwọn kan sì ń bẹ tí ara wọn ti kọ etí ikún sí i. Àwọn ìkejì yìí la mọ̀ lónìí sí alátọ̀gbẹ oríṣi kejì. Irú ti bàbá wa nìyẹn, òun náà ló pọ̀ jù láyé.

Ẹ̀rí tó dájú lórí ọ̀rọ̀ ọkàn wá láti ìlú kékeré kan ní Massachusetts tó ń jẹ́ Framingham. Láti 1948 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé 5,209 ọkùnrin àtobìnrin níbẹ̀, wọ́n ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, wọ́n ń wọn kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, wọ́n ń bi wọ́n bóyá wọ́n ń mu sìgá, wọ́n sì ń dúró wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Ní 1979, William Kannel àti Daniel McGee gbé èsì ogún ọdún jáde. Ewu àrùn iṣan tó ti dí fún alátọ̀gbẹ tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ti ẹni tí kò ní in. Tàwọn obìnrin tiẹ̀ tún le jù, torí àtọ̀gbẹ ń gba ààbò tí wọ́n ní ju ọkùnrin lọ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tó di 1998, àwọn onímọ̀ kan gbé ìwádìí ọdún méje jáde láti Finland. Wọ́n ní nínú àwọn alátọ̀gbẹ tí ọkàn wọn ò tíì dáṣẹ́ sílẹ̀ rí, nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ìkọlù ọkàn láàárín ọdún méje yẹn. Nínú àwọn tí kò ní àtọ̀gbẹ àmọ́ tí ọkàn wọn ti dáṣẹ́ sílẹ̀ rí, nǹkan bí ìdá 19 ni. Ìwádìí tó wá lẹ́yìn fi hàn pé kì í ṣe gbogbo alátọ̀gbẹ lewu ẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ta àwọn dókítà jí.

Báwo wá ni ṣúgà ṣe ń dé ọ̀dọ̀ ọkàn? Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà nínú iṣan lọ́hùn-ún tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa yọ̀ lọ, òun náà ló sì ń sọ fún iṣan ìgbà tó yẹ kó dẹ̀. Tí ṣúgà bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, tí ìfúnpá bá ga, tí ọ̀rá burúkú bá pọ̀, awọ yẹn á máa bàjẹ́. Ọ̀rá á yọ́ wọ abẹ́ ẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara á wá jẹ ọ̀rá náà, wọ́n á jẹ àjẹkì, wọ́n á sì kú síbẹ̀. Ara á fi nǹkan líle bò ó, bí ojú egbò ṣe ń jinná. Bó ṣe ń rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún, ògiri ń nípọn, kò sì dun èèyàn rárá. Lọ́jọ́ tí ìbòrí yẹn bá ya, ẹ̀jẹ̀ á dì lé e lórí, ọ̀nà á dí pa. Tó bá jẹ́ iṣan ọkàn, àyà á fún. Tó bá jẹ́ ti ọpọlọ, rọpárọsẹ̀ ni.

Títí di ìgbà yẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé inú òkú nìkan lèèyàn ti lè rí ìnípọn yẹn kedere. Ní 1986, Paolo Pignoli àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Milan fi hàn pé síkáànì, irú èyí tí wọ́n fi ń wo oyún, lè rí i. Tí wọ́n bá gbé e sí ọrùn, ògiri iṣan á yọ bí ìlà méjì tó ń tàn yòò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Àlàfo àárín ìlà méjèèjì ni ìnípọn ìpele méjì inú ògiri náà. Wọ́n fi wé iṣan gidi tí wọ́n gé wò lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń sọ nǹkan di ńlá, méjèèjì sì bára mu. Ẹ mú káàdì ATM yín jáde, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Ìnípọn ẹ̀ jẹ́ 0.76 mìlímítà. Ti iṣan ọrùn ọ̀dọ́ tára ẹ̀ le kì í sábà tó bẹ́ẹ̀.

Inú àwọn onímọ̀ dùn. Nọ́ńbà tuntun dé! Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí kan tó ń jẹ́ ARIC, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1987 pẹ̀lú 15,792 èèyàn, wọn iṣan ọrùn wọn, ó sì rí i pé ẹni tí tirẹ̀ nípọn jù ni ewu àrùn ọkàn ẹ̀ pọ̀ jù. Ní 2006, àwọn onímọ̀ kan láti Sweden kó ìwádìí 23 jọ, wọ́n ní ògiri iṣan àwọn tó ní àtọ̀gbẹ oríṣi kejì fi 0.13 mìlímítà nípọn ju tàwọn tí kò ní in lọ. Téèyàn bá fojú kéré wo 0.13, ẹ rántí pé nǹkan tí gbogbo ẹ̀ ò pé mìlímítà kan là ń sọ.

Ó yẹ kí ìtàn parí síbẹ̀: ṣúgà ń mú ògiri nípọn, torí náà mú ṣúgà wálẹ̀, ọkàn á bọ́. Bí àwa náà ṣe rò ó nìyẹn, tá a fi ya gíráàfù. Àmọ́ nígbà tí wọ́n dán an wò, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀.

Ní 1977, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ńlá kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní UKPDS. Wọ́n gba 5,102 èèyàn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé wọ́n ní àtọ̀gbẹ oríṣi kejì. Èsì jáde ní 1998. Àwọn tí wọ́n fi oògùn mú ṣúgà wọn wálẹ̀ dáadáa, àìsàn iṣan tín-ín-rín, ìyẹn ti ojú àti kíndìnrín, fi ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù lára wọn. Ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré. Àmọ́ ìkọlù ọkàn fi ìdá 16 dín kù, àwọn oníṣirò ò sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé kì í ṣe èèṣì. Ọdún mẹ́wàá mìíràn kọjá kí àǹfààní yẹn tó hàn kedere. Ohun tó mú wa jókòó jẹ́ẹ́ ni apá kejì ìwádìí náà. Wọ́n mú 1,148 lára wọn tó tún ní ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n sì mú ìfúnpá àwọn kan wálẹ̀ ju tàwọn yòókù lọ. Rọpárọsẹ̀ fi ìdá 44 dín kù. Ikú tó tọwọ́ àtọ̀gbẹ wá fi ìdá 32 dín kù. Ẹ̀jẹ̀ ríru! Nǹkan tí kò sí nínú ìwé bàbá wa.

Ti 2008 tún le ju ìyẹn lọ. Ìwádìí ACCORD, tó gba 10,251 alátọ̀gbẹ ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, fẹ́ mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí wọ́n bá fi tipátipá mú ṣúgà wálẹ̀ dé ibi tó wà lára ẹni tí kò ní àtọ̀gbẹ. Ní oṣù kejì ọdún yẹn, wọ́n ní kí wọ́n dáwọ́ ẹ̀ dúró. Nínú àwọn tí wọ́n fi ipá mú tiwọn wálẹ̀, èèyàn 257 ló kú. Nínú àwọn tí wọ́n rọra mú tiwọn, 203 ni. Nọ́ńbà ti dára, èèyàn ò dára.

Ẹ má gbọ́ ọ lódì o. A ò sọ pé kẹ́nikẹ́ni já oògùn ṣúgà ẹ̀ sílẹ̀. Ṣúgà tó ga ń fọ́jú, ó ń ba kíndìnrín jẹ́, ó ń gé ẹsẹ̀. Ohun tá à ń sọ ni pé igi kan ò lè dá igbó ṣe. Ní Denmark, àwọn dókítà ilé ìwòsàn Steno mú 160 alátọ̀gbẹ tí kíndìnrín wọn ti ń fi àmì hàn. Wọ́n pín wọn sí méjì. Ìdajì gba ìtọ́jú bí wọ́n ṣe ń ṣe é nígbà yẹn. Ìdajì yòókù, wọ́n dojú kọ gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru, kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, sìgá, oúnjẹ, eré ìdárayá. Nígbà tí èsì jáde ní 2003, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́jọ, ewu àrùn ọkàn àti iṣan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìdajì dín kù lára àwọn tí wọ́n dojú kọ gbogbo ẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìwádìí CARDS fi hàn pé oògùn kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù kan ṣoṣo fi ìdá 37 dín ìkọlù ọkàn àti rọpárọsẹ̀ kù lára 2,838 alátọ̀gbẹ. Oògùn tuntun náà sì dé. Ní 2015, ìwádìí kan lórí 7,020 alátọ̀gbẹ tí ọkàn tàbí iṣan wọn ti ní àrùn tẹ́lẹ̀ fi hàn pé empagliflozin fi ìdá 38 dín ikú ọkàn kù, bẹ́ẹ̀ sì rèé, díẹ̀ ló fi mú ṣúgà wálẹ̀.

Ìnípọn iṣan ọrùn tí inú gbogbo èèyàn dùn sí ńkọ́? Òun náà jẹ nínú ẹ̀kọ́ yẹn. Ní 2013, àwọn ẹgbẹ́ dókítà ọkàn ní Amẹ́ríkà ní kí wọ́n má máa fi wọn gbogbo èèyàn ní ilé ìwòsàn mọ́. Ohun tó ń sọ wúlò fún olùwádìí, àmọ́ díẹ̀ ló fi kún ohun tí ọjọ́ orí, ẹ̀jẹ̀ ríru, kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, sìgá àti àtọ̀gbẹ ti sọ tẹ́lẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan? Àwọn nǹkan tí wọ́n ń wọ̀n ní Framingham láti ọjọ́ tó ti pẹ́ náà ni. Kò sí èyí tó gba ẹ̀rọ olówó ńlá nínú wọn.

Ohun kan ṣì kù tó ń dùn wá. Òyìnbó ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kún Framingham tán. Ó pẹ́ kí wọ́n tó wọn iṣan ọrùn àwọn tó jọ bàbá wa lọ́pọ̀ yanturu. Ìwádìí AWI-Gen ti ṣe é báyìí fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ní Ghana, Burkina Faso, Kenya àti South Africa. Nàìjíríà ò sí lára ibi mẹ́fà tí wọ́n ti ṣe é. Ọ̀dọ́ tó ń ka èyí, tó ń wá nǹkan tó máa fi kóòdù ẹ̀ ṣe, iṣẹ́ wà o.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ìsìnkú, ẹ̀gbọ́n wa àgbà lọ yẹ ara wọn wò. Ṣúgà wọn ti ń gòkè. Ìyá wa ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n jáde lọ síwájú ilé, wọ́n ra ìwé kan, wọ́n mú rúlà, wọ́n fa ìlà sí ojú ewé àkọ́kọ́, wọ́n pín in sí mẹ́rin. Wọ́n kọ "ṣúgà" sí àkọ́kọ́, "ẹ̀jẹ̀ ríru" sí ìkejì, "kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù" sí ìkẹta, "ìrìn" sí ìkẹrin. Wọ́n wá gbé e fún ẹ̀gbọ́n wa.

Ìwé kẹjọ nìyẹn. A ò tíì fi ya gíráàfù kankan.